Bí ẹ ṣe lè fi RV rin etíkun tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA) nígbà òtútù

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa máa ń bi mí, láti Chicago, láti Minneapolis, láti Toronto, kódà láti Lọ́ńdọ̀nù: "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ yá RV, ká kó àwọn ọmọ sínú ẹ̀, ká sá fún òtútù lọ sí etíkun. Ibo la máa gbà? Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?" Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Gbogbo rẹ̀ nìyí ní títò, kí ẹ lè máa ṣí i wò lójú ọ̀nà.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: RV ni ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná, fìríìjì àti ilé ìwẹ̀ nínú. Ibi tí ẹ bá gbé e sí, ibẹ̀ nilé yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi àti ìyàwó mi ti rìn ín láti Houston dé Florida lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́, oṣù kìíní ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun Mississippi. A rò pé níwọ̀n bó ti jẹ́ Gúúsù, òtútù kò ní débẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, rọ́bà tó ń gbé omi wọ ọkọ̀ dì gbagidi, ẹ̀rọ omi ò yọ mọ́, àwọn ọmọ ń gbọ̀n. Bàbá àgbàlagbà kan tó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa ló wá fi ohun tó yẹ ká ti ṣe hàn wá láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà níbí, ọ̀dọ̀ irú wọn la ti kọ́ ọ.

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo, ẹ mú èyí: etíkun Gúúsù kò móoru bákan náà. Oṣù tí ẹ ń lọ ló máa sọ ibi tí ẹ máa lọ.

## 1. Ẹ mú ibi tó bá oṣù yín mu

Ìgbà ìjì òkun ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Nítorí náà, oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló fọkàn balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ pín etíkun náà sí mẹ́ta:

- Apá òkè (Galveston, Louisiana, Mississippi, Alabama, Pensacola, Destin): Ní oṣù kìíní, ọ̀sán Pensacola máa ń tó bíi 16°C, òru rẹ̀ bíi 6 tàbí 7. Ojú ọjọ́ súwẹ́tà nìyẹn. Ẹ lè rìn létí òkun, ẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́.
- Ìsàlẹ̀ Texas (South Padre Island, Port Isabel, Brownsville): Ọ̀sán máa ń tó 20°C tàbí kó lé díẹ̀. Owó ibẹ̀ rọrùn ju ti Florida lọ. Àwọn arúgbó tó ń wá láti ìlú òtútù pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n lórúkọ: Winter Texans.
- Ìsàlẹ̀ Florida (Fort Myers, Naples, erékùṣù Keys): Bíi 24°C lọ́sàn-án. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, Key West kò tíì tutù débi tí omi á dì. Ó wọ́n, ó sì máa ń kún.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe nípa apá òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2025, yìnyín bo New Orleans, Mobile àti Pensacola mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti òpópónà I-10 pa ní ọ̀pọ̀ ibi. Kì í ṣe ọdọọdún nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òru tí omi máa dì máa ń wáyé níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìmọ̀ràn tèmi: bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ wọ inú omi ní ìsinmi Kérésìmesì, ẹ kọjá sí ìsàlẹ̀ Florida tàbí South Padre. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, tí ẹ fẹ́ ibi tó tẹ́jú, tó mọ́, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ lọ sí Gulf State Park ní Alabama lẹ́yìn àárín oṣù kejì.

## 2. Ẹ gba ààyè kí ẹ tó gba ọkọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ti sanwó ọkọ̀ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń sá fún òtútù ti gba ààyè láti ọdún tó kọjá.

1. Ọgbà ìjọba Florida: ẹni tó ń gbé Florida lè gba ààyè ní oṣù 11 ṣáájú, ẹni tó ń ti ìpínlẹ̀ míì bọ̀ ní oṣù 10 ṣáájú. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024. Ọjọ́ 14 ni ẹ lè gbé ibi kan mọ.
2. Ọgbà ìjọba Texas, bíi Galveston Island: oṣù 5 ṣáájú.
3. Ọgbà ìjọba àpapọ̀: Fort Pickens lẹ́bàá Pensacola àti Davis Bayou ní Ocean Springs, Mississippi. Orí Recreation.gov lẹ ti máa gbà wọ́n. Méjèèjì ní iná àti omi, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìdọ̀tí nídìí ọkọ̀; ibi ìdàdọ̀tí kan ni gbogbo èèyàn ń lò. Ojú ọ̀nà Fort Pickens rẹlẹ̀, omi òkun máa ń bò ó nígbà ìjì, wọ́n á sì tì í. Ẹ wo ìkéde wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti kún, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, nítorí àwọn èèyàn máa ń fagi lé e, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀ rọrùn láti rí ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Ọgbà aládàáni bíi KOA náà wà; owó wọn ga díẹ̀. Bí ẹ bá máa gbé tó oṣù kan, ẹ béèrè iye oṣù, ó máa ń dín gan-an, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá iná wà nínú ẹ̀ tàbí wọ́n máa ka mítà.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí a lè sùn síwájú ilé ìtajà Walmart?" Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà. Ẹ wọlé lọ bi máníjà, kí ẹ má kàn gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lóru.

## 3. Irú RV tí ẹ máa yá

Class A tóbi bíi bọ́ọ̀sì. Class B dà bí bọ́ọ̀sì kékeré (van). Class C ni èyí tí bẹ́ẹ̀dì wà lókè orí awakọ̀. Fún ìdílé èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà tí kò wà á rí, Class C tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ ni mo máa ń ní kí wọ́n yá. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ lásán tó fún un. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mú láísẹ́ǹsì ilé àti èyí tí wọ́n ń pè ní International Driving Permit dání, kí ẹ sì bi onílé iṣẹ́ náà ṣáájú bóyá wọ́n máa gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí awakọ̀ ti pé ọdún 25.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé:

- Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín lè má bo RV tí ẹ yá. Ẹ pè wọ́n, ẹ gba ìdáhùn sórí ìwé.
- Máìlì mélòó ló wà nínú owó náà? Èló ni máìlì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà?
- Wákàtí mélòó ni ẹ lè lo jẹnẹrétọ̀?
- Ṣé aṣọ ibùsùn, ìkòkò, rọ́bà omi àti rọ́bà ìdọ̀tí wà nínú ẹ̀?
- Ẹ wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. "2319" ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.
- Ẹ ya fídíò inú, ìta, òrùlé àti abẹ́ ọkọ̀ níwájú ẹni tó ń fi lé yín lọ́wọ́.

Epo: Class C máa ń rin bíi máìlì 8 sí 12 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

## 4. Lójú ọ̀nà

I-10 ni òpó ìrìn àjò yìí. Houston sí Pensacola lé ní 500 máìlì. Èèyàn lè fi mọ́tò kékeré wà á lọ́jọ́ kan, ẹ má dán an wò pẹ̀lú RV. Òfin ilé wa ni: kí a má kọjá 300 máìlì lóòjọ́, kí a ti dé kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí a sì sùn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta níbi kan. Ẹni tó bá dé ààyè tí kò mọ̀ lóru, tí ebi ń pa ọmọ ẹ̀, ló máa ń fi ọkọ̀ gbá òpó iná.

Ohun tí ẹ máa ṣọ́ra fún:

- Gíga ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Ìbòrí ilé epo, ẹ̀ka igi àti ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ló ń ba òrùlé RV jẹ́. Ní Mobile, ihò àtijọ́ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ omi, Bankhead, rẹlẹ̀. Ẹ dúró sórí I-10.
- Ìdí ọkọ̀. Bí ẹ bá ń yà, ìdí ọkọ̀ ń fẹ̀ sí òdìkejì. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn wọlé, kí ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ dúró níbi tí ẹ ti lè rí i nínú dígí. Bí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ dúró.
- Afárá. Ti Lake Charles ga, ó sì dagun. Ti Atchafalaya, láàárín Lafayette àti Baton Rouge, gùn tó máìlì 18. Ẹ ra epo, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ̀ kí ẹ tó gùn ún. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ dín eré kù, kí ẹ di ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.
- Kùrukùru. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tó móoru máa ń fẹ́ kọjá lórí omi tútù létí òkun, kùrukùru á sì bo ọ̀nà láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ kí ẹ tó gbéra.
- Yanrìn. Wọ́n gbà kí mọ́tò rìn létí òkun ní ibì kan ní Texas, bíi Padre Island. RV kò ní agbára yẹn. Owó ẹni tó máa fà yín jáde kò kéré.

### Ẹ yà ní Africatown

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe ìtọ́sọ́nà ọ̀nà yìí fún ọmọ Yorùbá kí n fò ó. Ní àríwá Mobile ni àdúgbò tí àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó wá ní ọdún 1860 dá sílẹ̀ fúnra wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ọ̀kan nínú wọn, Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà láyé di ọdún 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ náà ni wọ́n rí nínú odò. Africatown Heritage House, ilé tí wọ́n kó ìtàn wọn jọ sí, ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2023. Ìyàwó mi sunkún níbẹ̀, èmi náà sunkún. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ẹ fi RV sílẹ̀ ní ọgbà, kí ẹ wọ takisí lọ, àwọn títì ibẹ̀ kò fẹ̀.

## 5. Bí ẹ bá dé ààyè yín

Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe wà, ẹ má fo ìkankan:

1. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo òkè, ilẹ̀ àti ibi tí ojú iná (òpó tí ẹ ti máa gba iná) wà kí ẹ tó fi ẹ̀yìn wọlé.
2. Ẹ mú ọkọ̀ dọ́gba pẹ̀lú pákó. Bí kò bá dọ́gba, irú fìríìjì tó ń lo gáàsì kò ní tutù dáadáa, ó sì lè bàjẹ́.
3. Ẹ fi òkúta dí táyà.
4. Ẹ pa bíréékà ojú iná, ẹ so surge protector (ohun tó ń dáàbò bo ọkọ̀ bí iná bá ga jù) mọ́ ọn, ẹ wá ki púlọ́ọ̀gì ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tan bíréékà.
5. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn dànù díẹ̀, ẹ so ohun tó ń dín agbára omi kù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kó má ju 50 psi lọ, kí ẹ tó so rọ́bà omi mímu. Bí omi bá le jù, páìpù inú ọkọ̀ á bẹ́.
6. Ẹ ṣí gáàsì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa èéfín àti gáàsì, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná. Ojú iná 30 amp ń gbé watt 3,600 péré. Hítà kan jẹ́ 1,500, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná bíi 1,400. Bí ẹ bá tan microwave lé wọn, ó parí. Ẹni tó ti gbé ilé tí iná kò tó ní Nàìjíríà mọ ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀: bí áyọ́ọ̀nù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ pa èkejì.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú rẹ̀ ní títàn. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìdílé tí èéfín pa lójú oorun nílé. RV kéré ju yàrá lọ. Bákan náà, ẹ má fi sítóòfù gáàsì yá iná fún òtútù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọgbà ní kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́.

## 6. Dída ìdọ̀tí

Ó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Táńkì mẹ́ta ló wà: omi mímu, omi ìwẹ̀ àti ìfọbọ́, àti ìgbẹ́.

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.
2. Ẹ so rọ́bà ìdọ̀tí mọ́ ọkọ̀, ẹ ti ẹnu kejì bọ inú ihò, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e.
3. Ẹ ṣí táńkì ìgbẹ́ kọ́kọ́. Bó bá ti dá, ẹ tì í.
4. Ẹ wá ṣí ti omi ìwẹ̀. Omi yẹn ló máa fọ rọ́bà náà.
5. Ẹ ti gbogbo rẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ pẹ̀lú oògùn rẹ̀ sínú táńkì ìgbẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibi tí ojú ìdọ̀tí bá wà nídìí ọkọ̀, àwọn èèyàn á ṣí táńkì ìgbẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á kù, á gbẹ bí òkúta. Ẹ tì í títí á fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má ju wáìpù ọmọdé sínú ẹ̀. Ẹ má sì bu omi mu níbi ẹ̀rọ tó wà ní ibi ìdàdọ̀tí.

## 7. Òru tí òtútù bá fẹ́ jà

Bí fóònù bá ti sọ pé ó máa wálẹ̀ sí 0°C:

1. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bu omi kún táńkì omi mímu.
2. Ẹ tú rọ́bà omi kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, ẹ gbé e wọlé. Ohun tí a kò ṣe ní Mississippi nìyí.
3. Ẹ lo omi inú táńkì títí ilẹ̀ á fi mọ́.
4. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, kí ooru dé ibi páìpù.
5. Ẹ yẹ sìlíńdà gáàsì wò. Fọ́nẹ́ẹ̀sì RV ń jẹ gáàsì lóru, kò dà bí ìgbà tí ẹ kàn ń dáná.
6. Kúbùsù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n bá yá yín.

Ìjì tornado náà lè ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù láàárín òtútù, ó sì lè jẹ́ lóru. Ẹ má pa ìkìlọ̀ fóònù. Láti ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fi ilé ìwẹ̀ oníbúlọ́ọ̀kù inú ọgbà han àwọn ọmọ. Bí ìkìlọ̀ bá dún, ibẹ̀ ni kí gbogbo yín sá lọ, ẹ má dúró nínú RV.

## 8. Oúnjẹ wa nínú ọkọ̀ kékeré

Houston kún fún ọmọ Nàìjíríà, ẹ ra gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti epo pupa níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Edé tútù àti ẹja, ẹ dúró di Biloxi tàbí Bayou La Batre ní Alabama, níbi tí àwọn apẹja ti ń gbé e wọlé. Ọbẹ̀ ata tí ìyàwó mi fi edé ibẹ̀ sè lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ má bílíìṣì epo nínú RV. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ á dún, òórùn náà á wọ tìmùtìmù, wọ́n á sì gé owó ìdúró yín. Ẹ din nǹkan síta lórí sítóòfù kékeré. Ẹ fi pépà nu abọ́ ọbẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́: epo pupa máa ń dì nígbà òtútù bó ṣe ń dì nígbà ọyẹ́ nílé, inú páìpù ló sì máa dì sí.

Ẹni tó bá fẹ́ dẹ ẹja fúnra ẹ̀, kó ra ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà ṣáájú.

## 9. Ìwé yín, pàápàá ní Texas

Bí ẹ bá ń padà láti South Padre sí òkè, ẹ máa bá ibi àyẹ̀wò àwọn aṣọ́bodè ní Sarita lórí US 77, tàbí ní Falfurrias lórí US 281. Ẹ kò kọjá ẹnubodè kankan, síbẹ̀ wọ́n á béèrè. Ẹni tó bá ní gíríìnì káàdì gbọ́dọ̀ mú un dání, òfin ni fún ẹni tó ti pé ọdún 18. Àlejò, ẹ mú páálí ìrìnnà àti I-94 yín (àkọsílẹ̀ ìgbà tí ẹ wọ Amẹ́ríkà). Bàbá tàbí màmá tó wá kí yín láti ilé, ẹ má fi páálí wọn sílẹ̀ ní Houston.

## 10. Bí RV bá pọ̀ jù fún yín

Ẹ lè yá RV tí onílé máa gbé wá sí ọgbà, tó máa tò ó, tó sì máa wá gbé e padà. Ẹ̀yin á kàn wa mọ́tò yín bá a níbẹ̀. Fún ẹni tó ń mú òbí àgbà lọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba, pẹ̀lú Gulf State Park, náà ní ilé kéékèèké tí wọ́n ń yá èèyàn.

## 11. Ọjọ́ tí ẹ máa dá ọkọ̀ padà

1. Ẹ da táńkì ìgbẹ́ àti ti omi ìwẹ̀ nù ní ọgbà tó kẹ́yìn, kì í ṣe ní ilé iṣẹ́ wọn.
2. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin.
3. Ẹ gbá yanrìn jáde, pàápàá lójú irin tí ilẹ̀kùn ìwẹ̀ ń gbà.
4. Ẹ bu epo dé ibi tí ẹ ti bá a, ẹ tọ́jú rìsíìtì.
5. Ẹ tún ya fídíò inú, ìta, òrùlé àti abẹ́, pẹ̀lú iye máìlì àti ìwọ̀n epo, níwájú ẹni tó ń gbà á. Ẹ pa á mọ́ títí owó ìdúró yín á fi wọlé.